Ẹ̀jẹ́ Ìlú Méjì: Láti Òṣogbo dé Oberammergau

Ní Ọjọ́rú Eérú ọdún 2021, ìkéde kan jáde ní abúlé tí mo ń gbé ní gúúsù Jámánì: kí gbogbo ẹni tí yóò kópa nínú eré ìtàgé ìlú, àtọkùnrin àtobìnrin, má ṣe gé irun mọ́, kí àwọn ọkùnrin sì dá irùngbọ̀n sí. Àwọn tí yóò ṣe ọmọ ogun Róòmù nìkan ni àṣẹ náà yọ sílẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ẹni tí ń ta búrẹ́dì fún mi àti dókítà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ní irun tó kan èjìká. Ẹnì kan ní ilé ìwòsàn fẹ́ ṣàlàyé fún mi bí ìlú kan ṣe lè ní ẹ̀jẹ́ lọ́rùn, tí ẹ̀jẹ́ náà yóò sì kan ara olúkúlùkù. Mo sọ fún un pé ọmọ Òṣogbo ni mí, pé mo ti mọ irú rẹ̀ láti ilé.

Oberammergau ni orúkọ abúlé náà. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Bavaria, ní àfonífojì odò Ammer, ní nǹkan bí 840 mítà sókè ju ìtẹ́jú òkun lọ, iye ènìyàn inú rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 5,000. Òkè Kofel, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó 1,342 mítà, ni a kọ́kọ́ máa ń rí láti ibikíbi tí a bá dúró sí, àgbélébùú kan sì wà lórí rẹ̀. Ọdún 1900 ni reluwé dé abúlé yìí láti Murnau, kò sì ju ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí reluwé fi dé Òṣogbo láti Èkó. Èyí tí ó wà níhìn-ín ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Fèrè ti ilé wa, inú ìtàn bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọdún 1633 ni ẹ̀jẹ́ Oberammergau bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ogun ọlọ́gbọ̀n ọdún ń jà ní ilẹ̀ Jámánì, tí àjàkálẹ̀ àrùn sì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun kiri. Abúlé náà ti fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sí ojú ọ̀nà kí àrùn má baà wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn wọn sọ pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kaspar Schisler, tí ó ti lọ ṣe lébìrà ní Eschenlohe, fẹ́ wà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ọdún ìjọ, ó sì yọ́ wọlé ní òru. Òun ni ó gbé àrùn náà wọ̀lú. Ó lé ní ọgọ́rin ènìyàn tí ó kú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa ń dùn mí, nítorí pé èmi náà mọ bí ó ti ń rí lára ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi nígbà tí ọdún bá dé nílé. Nígbà tí ikú kò dáwọ́ dúró, àwọn àgbà ìlú péjọ, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gba àwọn, àwọn yóò máa ṣe eré ìjìyà àti ikú Jésù ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n ní kò sí ẹni tí àrùn náà tún pa láti ìgbà náà. Wọ́n ṣe eré àkọ́kọ́ ní 1634, lórí sàréè àwọn tí àrùn pa.

Bí wọ́n ṣe sọ fún mi tán ni mo ránti Làróòyè àti Tìmẹ́hìn, tí wọ́n wá omi dé etí odò, tí igi tí wọ́n gé wó lu inú omi, tí ohùn kan sì ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Inú májẹ̀mú pẹ̀lú Ọ̀ṣun ni ìlú wa ti jáde: ìlú yóò máa bọ odò, odò yóò máa dáàbò bo ìlú. Ìyàtọ̀ kan wà tí mo kà sí pàtàkì. Ọdọọdún ni a máa ń san tiwa, ní oṣù kẹjọ, Arugbá sì ni ó ń ru igbá fún gbogbo wa. Ní Oberammergau, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé, gbogbo ìlú ni ó ń ru ú: ó lé ní 1,500 ènìyàn tí ó ń kópa, eré kan sì ń gbà tó wákàtí márùn-ún, láti oṣù karùn-ún títí wọ inú oṣù kẹwàá. Mo rò pé ìdí nìyí tí iṣẹ́ àti ìsinmi, àní ìgbà ìgbéyàwó pàápàá, fi ń tẹ̀ lé ọjọ́ eré ní ọdún náà.

Ní ti ìkíni, mo rò pé ìwà tútù ni yóò pàdé mi, ṣùgbọ́n ní Bavaria, ẹni tí o kò mọ̀ rí yóò kí ọ ní ojú ọ̀nà pé “Grüß Gott”, orúkọ Ọlọ́run sì wà nínú rẹ̀. Èdè wọn tún mọ ọ̀wọ̀ bí tiwa: “Sie” dàbí “ẹ”, “du” sì dàbí “o”. Àgbà ni ó máa ń sọ fún ọmọdé pé kí ó yí i sí “du”. Nílé wa, kò sí àgbà tí yóò sọ bẹ́ẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, ẹnu kò ní gbà á. Àwọn tí ń gun òkè ní àṣà kan pé bí ènìyàn bá ti kọjá 1,000 mítà, “Sie” ti tán.

Ọjọ́ Àìkú ni ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi jù lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni ó ń tì, kò sì sí ẹni tí yóò lu ìṣó mọ́ ògiri. Ọjọ́ Àìkú tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ni ti ìlù àti ìnáwó. Èyí tí kò tíì mọ́ mi lára títí di òní ni ti sàréè: ilẹ̀ tí wọ́n sin òkú sí, àyálò ni, bí ọdún tí wọ́n san bá pé tí ẹbí kò sì tún san, ẹlòmíràn lè gba ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni ojú oórì ìyá bàbá mi wà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti ka ìwé. Mo ti gbìyànjú láti rí ọgbọ́n inú àṣà tiwọn, mi ò tíì rí i.

Àwọn agbẹ́gilére ni ó mú kí n rò pé mo wà nílé. Ìran dé ìran ni wọ́n ti ń gbẹ́ igi ní abúlé yìí, ilé-ìwé iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ara ògiri ilé wọn kún fún àwòrán. Franz Seraph Zwinck ni ó kun ilé tí wọ́n ń pè ní ilé Pílátù ní 1784. Mo sọ fún wọn pé obìnrin kan láti Ọ́stríà tí ó wà nítòsí wọn yìí, Susanne Wenger, ni àwa ń pè ní Àdùnní Olóòrìṣà, pé òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà wa ni wọ́n tún igbó Ọ̀ṣun ṣe, tí UNESCO fi kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní aráyé ní 2005. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún wọn pé ó kú sí Òṣogbo ní 2009.

Ẹ̀jẹ́ náà ní ojú tí kò dára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré yìí di ẹ̀bi ikú Jésù ru gbogbo Júù. Hitler wá wò ó ní 1930 àti 1934, ó sì yìn ín. Christian Stückl, ọmọ abúlé náà tí ó ti ń darí eré láti 1990, ti tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ léraléra, débi pé Jésù gbàdúrà ní èdè Hébérù lórí ìtàgé. Ní 2022, nígbà tí wọ́n ṣe eré tí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ní 2020, Mùsùlùmí ni ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó ṣe Júdásì. Èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ lára wọn: wọn kò jáwọ́ nínú ẹ̀jẹ́ àwọn baba wọn, wọn kò sì jẹ́ kí àṣìṣe baba dúró nínú rẹ̀.

Òfin kan ṣì wà tí ó kàn mí: àgbàlagbà tí a kò bí sí abúlé náà gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún kí ó tó lè gun orí ìtàgé. Ọdún 2014 ni mo dé. Ọmọ mi obìnrin, tí a bí ní 2015, ti wà láàárín àwọn ọmọdé tí ó ń kí Jésù wọ Jerúsálẹ́mù pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ ní 2022, èmi ìyá rẹ̀ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò ó. Mo sunkún nígbà tí mo rí i, mi ò sì lè sọ bóyá ayọ̀ nìkan ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń dá iná lórí àwọn òkè ní ìrántí ọba wọn Ludwig Kejì. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ń tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún ní Òṣogbo, ìyá mi a sì ròyìn rẹ̀ fún wa lórí fóònù. Ọmọ mi yóò pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tí eré tó ń bọ̀ bá dé ní 2030. Ó ti ń bi ìyá mi léèrè bóyá irun dídì wà lára irun tí a kò gbọ́dọ̀ gé, ìyá mi sì dá a lóhùn pé kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wá kọ́ ọ bí a ti ń di ṣùkú.