Tíṣà Brinsley àti èdè ìyá ọmọ

Tíṣà ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́, torí náà ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kì í sú mi sọ. Ọkùnrin tó wà lọ́kàn mi láti bí oṣù méjì yìí ti kú láti bí irinwó ọdún. John Brinsley lorúkọ ẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó kàwé ní Christ's College ní Cambridge, ó gba MA ẹ̀ lọ́dún 1588, nígbà tó yá ó di àlùfáà àti tíṣà ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ashby-de-la-Zouch, ní Leicestershire, nílé-ìwé gírámà tí Earl ti Huntingdon dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1567. Púrítánì ni. Àwọn Púrítánì yẹn ló ń sọ pé Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tíì fọ nǹkan Pọ́ọ̀pù kúrò lára tán, wọn ò fẹ́ aṣọ funfun tí àlùfáà ń wọ̀ ṣe ìsìn, wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi àmì àgbélébùú síwájú orí ọmọ tí wọ́n bá ń rì í bọmi, àwọn bíṣọ́ọ̀bù sì ń fojú wọn rí màbo nítorí ẹ̀.

Ìwé tó jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n jáde lọ́dún 1612, Ludus Literarius. Ní èdè Látìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni "ludus" tí wọ́n ń lò fún eré tí wọ́n tún ń lò fún ilé-ìwé, ohun tí Brinsley sì fẹ́ gan-an nìyẹn, kí ẹ̀kọ́ rọ ọmọ lọ́rùn bí eré. Arákùnrin ìyàwó ẹ̀, Joseph Hall tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, ló kọ ọ̀rọ̀ ìyìn síwájú ìwé náà. Tíṣà méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Spoudeus, iṣẹ́ ti sú u, ó ń ṣe wàhálà látàárọ̀ dalẹ́ àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan, ìkejì ń jẹ́ Philoponus, òun ti rí ọ̀nà ẹ̀ ó sì ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé. Irú Spoudeus pọ̀ ní staff room wa, ẹ má jẹ́ n parọ́, èmi náà ti wà níbẹ̀ rí.

Aago mẹ́fà ìdájí ni kí ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, bí Philoponus ṣe sọ. Tó bá di aago mẹ́sàn-án kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ṣe gáà, kí wọ́n ṣeré díẹ̀, kí wọ́n wọlé padà títí di aago mọ́kànlá. Aago kan ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ títí di aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, bíréèkì míì sì wà láàárín. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn gùn kọjá ààlà fún ọmọ, ṣùgbọ́n bíréèkì yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń bá a jà sí o! Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì á rí àwọn ọmọ níta, wọ́n á ní eré lásán ni wọ́n ń ṣe nílé-ìwé yìí. Ó dá wọn lóhùn pé ọmọ tó bá simi díẹ̀ á túbọ̀ fọkàn sí iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tó ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kálàmù. Ìyẹ́ ẹyẹ ni kálàmù ayé ìgbà yẹn. Ó ní kí wọ́n mú èyí tó dáa tó sì le jù lápá ẹyẹ, èyí tó máa ṣeé là, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á mọ́, kí wọ́n là á tààrà láti ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n gbẹ́ fúnra ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ Látìn àti Gíríìkì ni o, ó jókòó, ó ń ṣàlàyé ẹ̀yìn ọ̀bẹ àti iwájú ọ̀bẹ fún tíṣà abúlé tí ẹnikẹ́ni ò kà sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ èdè. Látìn ni gbogbo nǹkan nílé-ìwé gírámà nígbà yẹn, wọn ò ka Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀kọ́ rárá. Brinsley ní àwọn òbí ń ráhùn, ọmọ ti ń lọ sílé-ìwé fún ọdún gbọọrọ, ìwé tó ń kọ ò ṣeé kà, Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ èdè ìyá ẹ̀ ò sì tọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń gba ilé-ìwé kọjá, díẹ̀ ló ń bá ìwé lọ, iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ni àwọn yòókù ń lọ ṣe, kí ló dé tí wọn ò ní kọ́ wọn ní èdè tí wọ́n máa fi ṣayé? Kò fi mọ lẹ́nu, ó túmọ̀ àwọn ìwé Látìn tí wọ́n ń lò, Cato, Corderius, apá kan nínú iṣẹ́ Cicero àti Ovid, ó tò wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí ọmọ fi lè wo Gẹ̀ẹ́sì kó sì dá a padà sí Látìn fúnra ẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í pẹ̀lú ẹgba.

Nígbà tí mo kà á, ojú mi kún fún omi. Nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, tó o bá sọ Yorùbá wọ́n á kọ orúkọ ẹ, wọ́n á ní o sọ "vernacular", o sì máa sanwó tàbí kó o kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan torí pé mo pariwo "yéè!" nígbà tí ilẹ̀kùn há mi lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé ó kó ẹgba dànù o. Ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n na ọmọ tó bá lágídí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ìyìn, ìdíje, àti ìwé kan tí wọ́n á máa kọ orúkọ ọmọ tó bá ṣẹ̀ sí kó má bàa bá wọn ṣeré lọ́jọ́ eré. William Lilly, tó padà di awòràwọ̀ tí gbogbo London mọ̀, wọ ilé-ìwé ẹ̀ lọ́dún 1613, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó dàgbà ó kọ ọ́ pé ọ̀gá òun le, pé Púrítánì pọ́ńbélé ni, ó sì ka gbogbo ìwé tí wọ́n kọ́ òun lọ́dọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lilly yẹn náà ló sọ bó ṣe parí: àwọn òṣìṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ń dà á láàmú nítorí pé kò tẹ̀ lé ìlànà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹ̀, ó kó lọ sí London, ibẹ̀ ló ti ń wàásù, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Lọ́dún 1622 ó tún gbé ìwé jáde, A Consolation for our Grammar Schooles. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo dúró sí, n ò lè ṣí i lọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé náà wà fún àwọn ibi tí ọ̀làjú ò tíì dé, Ireland, Wales, Virginia àti erékùṣù Bermuda, kí wọ́n lè tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo èèyàn lè máa sọ èdè kan ṣoṣo. Èdè kan ṣoṣo! Ọkùnrin tó bá Látìn jà kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè ní èdè ìyá ẹ̀ nílé-ìwé, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ Wales àti ọmọ Powhatan, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, kò rí i pé àwọn náà ní ìyá. Mo bínú sí i bí ìgbà tí ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé já mi kulẹ̀. Kò sì ṣeé sọ pé kò mọ̀, torí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o ní ìran ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Virginia, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó èèyàn lọ tẹ̀dó sí Virginia, ló gbé ìwé yẹn fún, wọ́n ń gbèrò ilé-ìwé kan níbẹ̀ nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1622, àwọn Powhatan dìde sí àwọn tó ń gba ilẹ̀ wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka òkú 347 ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ètò ilé-ìwé náà sì fọ́ yángá. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí nígbẹ̀yìn. Àwọn ará Wales di èdè tiwọn mú títí dòní, ṣùgbọ́n èdè Powhatan ti kú, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù nínú ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bíi John Smith àti William Strachey kọ sílẹ̀.

Mi ò tíì kó ìwé Brinsley kúrò lórí tábìlì mi. Ìṣẹ́jú 15 ẹ̀ yẹn, mò ń lò ó ní kíláàsì mi láago mẹ́wàá, àwọn ọmọ á sì sáré jáde, Yorùbá ni wọ́n ń fi ariwo pè ara wọn kárí pápá, n kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.