Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin àbúrò mi nídìí kóòdù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ṣí dátábéèsì táwọn oníbàárà ń lò gan-an, ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ wọn wà, ó tẹ àṣẹ DELETE, tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́, sí i, ó sì ń fi ọwọ́ kejì gbé fóònù sétí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yà á lẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tí mò ń ṣe." Mo gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ tí tèmi ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ọdún tí mo pé mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ yìí ni ọdún tó le jù fún mi, níbi iṣẹ́ àti nínú ilé, mi ò sì fẹ́ dá nìkan gbé ohun tí mo rí níbẹ̀ sínú. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín pé kí ẹ máa lo Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí ẹ bá ṣe sí kóòdù. Láti 2005 tí Linus Torvalds ti gbé e jáde, kò tún kù sẹ́ni tó yẹ kó máa polówó rẹ̀ fún yín. Mi ò ní sọ pé kí ẹ kọ test, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tàbí pé kí ẹ má fi password sínú kóòdù. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun márùn-ún ni mo ní lọ́kàn láti sọ.

Èkíní, ẹ máa ka kóòdù ju bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, wọ́n fún mi ní apá kan tí ẹlòmíì ti kọ kí n tó débẹ̀. Mo rí ìlà kan tó ń fi wákàtí kan kún àkókò, kò sí àlàyé kankan lára rẹ̀. Ojú ẹ̀gàn ni mo fi wò ó, mo yọ ọ́ kúrò. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, ìránnilétí táwọn oníbàárà ní kó máa dé lágogo mẹ́jọ ti ń bá wọn lágogo méje. Ẹni tó kọ ìlà yẹn rí ohun tí èmi kò rí. Láti ìgbà náà, tí kóòdù kan bá rú mi lójú, mo máa ń kọ́kọ́ gbà pé ó nídìí tó fi wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ tètè máa béèrè. Tí ohun kan bá ti mú yín sójú kan fún wákàtí kan, ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹ̀bùn kankan fún ẹni tó dá nìkan jìyà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má máa sọ pé "kò sí wàhálà" nígbà tí wàhálà bá wà.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lóṣù kejì ọdún yẹn, ìyàwó mi bí ọmọ wa kejì, ọkùnrin. Ọmọ náà kì í sùn lóru. A pín òru sí méjì, ìyàwó mi ń mú apá àkọ́kọ́, èmi ń mú láti aago méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aago mẹ́sàn-án, mo ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, ojú mi á máa ta mí bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀gá wa bi mí bóyá iṣẹ́ náà kò ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo dá a lóhùn pé, "Kò sí wàhálà, sà." Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí mo bá sọ pé ó ti rẹ̀ mí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, ẹni yẹn á sì ṣe é dáadáa.

Oṣù kẹjọ ló dé sí mi lórí. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi kéré. Àwọn àkáǹtì kan wà tí a fi ń dán nǹkan wò, 212 ni wọ́n, a fẹ́ pa wọ́n rẹ́ kí wọ́n má bàa kó sínú ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Fèrèsé méjì ni mo ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún dátábéèsì ìdánwò, èkejì fún tàwọn oníbàárà. Àwọ̀ kan náà ni méjèèjì ní. Mo ti dán àṣẹ náà wò níbi ìdánwò, ó ṣiṣẹ́. Mo wá gbé e lọ sí èkejì.

Irinṣẹ́ tí mò ń lò ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo yín mọ̀, torí pé púpọ̀ nínú irú wọn ló ní in. Tí ẹ bá fi màósì fa ara ìlà kan títí ó fi yí sí búlúù, tí ẹ wá tẹ bọ́tìnì pé kó ṣiṣẹ́, ibi tó yí sí búlúù yẹn nìkan ló máa ṣe. Ìlà méjì ni àṣẹ mi. Ìlà kìíní sọ pé kó pa àkọsílẹ̀ rẹ́ nínú àkójọ oníbàárà. Ìlà kejì, tó fi WHERE bẹ̀rẹ̀, ló sọ àwọn tó máa pa. Mo ti fa ìlà kìíní torí pé mo fẹ́ mú orúkọ àkójọ náà lọ sínú ìwé tí mò ń kọ. Fóònù dún. Bàbá mi ni. Mo wo fóònù, mo dojú rẹ̀ dé, mo padà sídìí àṣẹ mi, mo tẹ bọ́tìnì.

Ohun tí mò ń retí ni 212. Ohun tó jáde ni 41,386.

Mo fi ìka tọ nọ́ńbà yẹn lójú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà. Ká ní mo kọ́kọ́ tẹ BEGIN ni, àṣẹ tó ń sọ fún dátábéèsì pé kó má tíì fi òǹtẹ̀ lu ohun tí mo bá ṣe, ROLLBACK kan ṣoṣo, tó ń fagi lé e, ì bá dá gbogbo rẹ̀ padà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ a ti fi ON DELETE CASCADE so àkójọ ìsanwó mọ́ àkójọ oníbàárà, nítorí náà bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó tó san ń bá a lọ. Fóònù tún dún. Bàbá mi. Mi ò gbé e. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo pa á.

Ọkàn mi ṣì balẹ̀ díẹ̀, torí pé a ní ẹ̀dà ìpamọ́. Ní aago kan òru lójoojúmọ́, ètò kan wà tó máa ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì síbòmíì. Mo lọ síbẹ̀, mo rí fáìlì àná. Mo wo bó ṣe tóbi tó. Kílóbáìtì kan péré. Ti ìjẹta, kílóbáìtì kan. Mo ń lọ sẹ́yìn, mo ń lọ sẹ́yìn, títí mo fi dé ọjọ́ 19 sẹ́yìn kí n tó rí fáìlì tó kún. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n pààrọ̀ password dátábéèsì, kò sì sẹ́ni tó rántí pé ètò náà ń lò ó. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn fáìlì kékeré náà. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tó ń sọ pé wọn kò gba òun láyè láti wọlé. Láti ọjọ́ náà, lálaalẹ́ ló ń kọ ìlà yẹn. Kò sẹ́ni tó kà á.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi jù wá lọ. Lọ́jọ́ 31 oṣù January 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú kóòdù, rò pé sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò ró, lòun wà, òmíràn ló wà, ó sì pa dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ́. Nígbà tó máa fi dá a dúró, nínú nǹkan bíi 300 gígábáìtì, gígábáìtì mẹ́rin ààbọ̀ ló kù. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà ìpamọ́ wọn, wọ́n bá ibẹ̀ ní òfìfo: irinṣẹ́ pg_dump tó ń ṣe é jẹ́ ẹ̀yà 9.2, dátábéèsì wọn ti di 9.6, ó sì ti ń kùnà tipẹ́. Íméèlì tó yẹ kó ta wọ́n lólobó kò wọlé. Ohun tó gbà wọ́n ni ẹ̀dà kan tí wọ́n fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, torí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n jáde sí gbangba, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kí aráyé máa wo bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe lórí YouTube, wọn ò sì gbé ẹrù náà lé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo lórí. Mo ka ìròyìn yẹn ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ náà, inú mi bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé tèmi kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kó o jọ. Mo gbé ẹ̀dà ọjọ́ 19 padà. Mo wá lọ sínú log sáfà, ìwé tí sáfà fi ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, mo ṣa gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo lọ sínú íméèlì tí ètò wa ti fi ránṣẹ́, torí pé gbogbo ẹni tó bá sanwó la máa ń fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí. Mo gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó, mo tò wọ́n pọ̀, mo fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Nígbà tí mo ṣe tán lálẹ́ Sunday, àkọsílẹ̀ 57 péré ni mi ò rí dá padà. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iṣẹ́ yẹn títí dòní. Nínú ọdún mẹ́wàá, mi ò ṣe iṣẹ́ kankan tó dára tó o.

Ìyàwó mi nìkan ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo wà, kò wọlé. Ó ní, "Ọmọ yín ti ń dá jókòó láti àná." Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n ní kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn, mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan péré kí n gbìyànjú láti gbé ẹ̀dà ìpamọ́ padà sórí ẹ̀rọ mìíràn, ká lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Èsì tí mo gbà ni pé ká kọ́kọ́ gbé ẹ̀yà tuntun jáde ná. Nínú ìpàdé yẹn, kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ìwé mi. Èmi náà kò mẹ́nu bà á, ojú ń tì mí. Nígbà tí ìròyìn jáde, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan". Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Síbẹ̀, ẹni kan náà tó kọ "àṣìṣe òṣìṣẹ́ kan" ni ẹni tó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá iṣẹ́ náà kò pọ̀ jù. Mo purọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò lè yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn náà. Ẹ̀yin àbúrò mi, tí ọmọ kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, tí ara òbí yín kò bá yá, tí ọkàn yín bá ti pín sí méjì, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń pín iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò tíì sùn láti aago méjì òru kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ì báà ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́. Ohun kẹrin àti ìkarùn-ún tí mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Wọn ò tó èyí.

Alẹ́ Sunday yẹn ni mo tó pe bàbá mi padà. Mo ní, "Ẹ má bínú, bàámi, ẹ pè mí lọ́jọ́bọ̀." Wọ́n ní kò sí nǹkan. Mo tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí lẹ́tà inú fóònù tóbi sí i ni, pé ojú àwọn kò gbé e mọ́, àwọn ò rí ohun táwọn èèyàn ń kọ ránṣẹ́ sáwọn kà. Nǹkan ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ lo wà." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ rárá.

Báyìí, fèrèsé dátábéèsì oníbàárà lójú kọ̀ǹpútà mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, kò lè jọ ti ìdánwò. Kí n tó pa ohunkóhun rẹ́, mo máa ń fi SELECT ka iye rẹ̀ ná, mo tẹ BEGIN, mo ṣe é, mo wo nọ́ńbà tó jáde kí n tó tẹ COMMIT, tó ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Orúkọ tí mo fi ń wọlé lójoojúmọ́ kò ní àṣẹ láti pa nǹkan rẹ́ mọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń gbé ẹ̀dà ìpamọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn, màá ka iye ìlà tó wà nínú àkójọ kọ̀ọ̀kan, màá fi wé ti dátábéèsì gan-an. Ọmọ mi ọkùnrin sábà máa ń wà lórí ẹsẹ̀ mi, á máa na ọwọ́ sí bọ́tìnì, màá máa gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ti oṣù yìí, gbogbo rẹ̀ pé. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo sì pe bàbá mi, torí mo ti gbọ́ pé fóònù wọn kò dún dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé àwọn ti pe ìyàwó mi láàárọ̀, ó ti bá àwọn ṣe é.