Wọ́n dá ọjọ́ sí i

Ìwé pélébé kan ni mo bá nínú ìwé ọmọ mi: olùkọ́ wọn níbí ní ilẹ̀ Faransé yóò yanṣẹ́ lódì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7 oṣù kẹta, ọdún 2023. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Wọ́n dá ọjọ́ sí i! Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ọmọ mi ti wà ní kíláàsì.

Ní ọdún 2022 nílé, ní Nàìjíríà, àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọ́n ní ìkìlọ̀ oṣù kan péré ni. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Láti 2009 ni ìjọba ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tí kò mú ṣẹ tán. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ gbáko! Kí àbúrò mi tó padà sílé-ìwé, ó ti ń ránṣọ jẹun.

Guéret tí à ń gbé kéré, èèyàn ibẹ̀ ò ju bí 13,000 lọ, àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé ló wà. Ìjọba fẹ́ gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 62 sí 64, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì jọ tú síta. Wọ́n ń yan sọ́séèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlọ́pàá wà níwájú, wọ́n ń dá mọ́tò dúró kí èrò lè kọjá. Ní Paris, wọ́n yin tajútajú, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n níbí, ọlọ́pàá àti olùwọ́de ń kí ara wọn.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù. "Má sún mọ́ wọn o," ni wọ́n wí. "Ṣé o ti gbàgbé Lekki ni?" Mi ò gbàgbé. Ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, 2020.

Ìwọ́de náà ò dá òfin ọ̀hún dúró. Wọn ò dìbò sí i nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kó tó wọlé, Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù náà, bí Macron ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn èèyàn kó ìkòkò lọ síwájú mairie, ìyẹn ọ́fíìsì olórí ìlú, káàkiri Faransé. Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi ṣíbí onígi lu tiẹ̀ títí ìdí ìkòkò náà fi tẹ̀ wọnú. Ó na ọmọrí rẹ̀ sí mi. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ gbọ̀n. Mo gbà á, mo sì ń lù ú.