Bí a ṣe ń pe ará Dẹ́nmárkì síbi ìnáwó Yorùbá

Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Dẹ́nmárkì, èmi ni wọ́n sábà máa ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí. Wọ́n á ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń kọ ọ́ nílé, pẹ̀lú lẹ́tà aláwọ̀ wúrà àti orúkọ ìdílé méjèèjì. Wọ́n á ní kí n bá àwọn kọ ẹ̀dà ti èdè Dánì fún àwọn aládùúgbò, àwọn ará ibi iṣẹ́ àti olùkọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tí kò ṣe é rí á rò pé kí a kàn gbé e fún Google ni. Google á ṣe tiẹ̀ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kan ò ní já bọ́, àmọ́ ìnáwó mìíràn pátápátá ni ará Dẹ́nmárkì máa rò pé wọ́n pe òun sí. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìpè wa, Yorùbá ló gbé aṣọ òyìnbó wọ̀. Èmi kì í wo Gẹ̀ẹ́sì yẹn mọ́. Ẹni tó fẹ́ náwó ni mo máa ń bi pé, "Kí lẹ máa ṣe lọ́jọ́ náà gan-an?" Ohun tó bá fi Yorùbá sọ fún mi ni mo ń wá Dánì fún.

Ẹ jẹ́ ká mú "reception", torí òun ló ń dà wá láàmú jù. Nílé, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, "reception" ni ìgbà tí ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ìjókòó, ìrẹsì, àmàlà, olórin, ijó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ará Dẹ́nmárkì náà ní "reception", lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Àmọ́ tiwọn ni pé kí ẹni tó pé àádọ́ta ọdún, tàbí tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣí ilẹ̀kùn fún wákàtí bíi méjì lọ́sàn-án. Ẹ ó yà, ẹ ó fún un lẹ́bùn, ẹ ó mu wáìnì kan lórí ìdúró, ẹ ó fi ìpápánu díẹ̀ panu, ẹ ó sì máa lọ.

Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ṣègbéyàwó ní Odense, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ni àwọn ará ibi iṣẹ́ ìyàwó bá dé ní agogo méjì géérégé, tàwọn ti òdòdó tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Gbọ̀ngàn ṣófo. Àwọn tó ń so bàlúùnù ṣì wà lórí àkàbà. Wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri títí, wọ́n wá tábìlì tí wọ́n máa kó ẹ̀bùn lé, wọn ò rí i, wọ́n bá kó òdòdó lé ọmọdé kan tó ń sáré kiri lọ́wọ́, wọ́n sì gba ilé wọn lọ ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Ìyàwó ò tíì wọlé! "Bryllupsfest", àríyá ìgbéyàwó, ló yẹ kí wọ́n kọ, kí "middag og dans", oúnjẹ alẹ́ àti ijó, wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ará Dẹ́nmárkì bá ti rí "middag", ó ti mọ̀ pé òun máa jókòó, á sì jókòó gidi. Wákàtí márùn-ún nídìí tábìlì kan kì í ṣe nǹkan kan lójú wọn.

"RSVP" kò ṣòroó yí: "S.U." ni wọ́n ń kọ, ìyẹn "svar udbedes", a ń retí èsì yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ dé. Àwa gan-an ni kò gbà á gbọ́. Nọ́ńbà fóònù tí a ń kọ sábẹ́ ìwé ìpè, ta ló ń pè é? Ará Dẹ́nmárkì máa pè é. Á pè láti sọ pé òun ń bọ̀. Bí kò bá ní lè wá, á pè. Á béèrè bóyá ọmọ òun wà nínú ìpè, á sì sọ pé ìyàwó òun kì í jẹ ẹran. Tí ẹ bá ti gba èsì yẹn, àdéhùn ti wọ̀ ọ́. Ó ní àga tó jẹ́ tirẹ̀, páálí kékeré tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, "bordkort", á wà níwájú rẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ torí pé ẹ̀gbọ́n kan ṣàdédé yọ láti Malmö ní Sweden. Mogbọ́-moyà kò ní àga ní Dẹ́nmárkì. Ní ti aago, agogo mẹ́fà wọn, agogo mẹ́fà ni. Wọ́n á ti wà nínú mọ́tò níta, tí wọ́n ń dúró kó lù. Ní tèmi o, mo máa ń ní kí wọ́n kọ aago tòótọ́ sórí ìwé ti Dánì, kí wọ́n sì kọ aago tó fi wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀ sórí tàwa Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tún wà. "Party" lásán, "fest" ni. Ẹgbẹ́ òṣèlú ni "parti". "Gift" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ẹ̀bùn, lédè Dánì, ẹni tó ti lọ́kọ tàbí láya ni, májèlé náà sì ni. "Gave" ni ẹ̀bùn. "Souvenir" ni nǹkan tí àwọn arìnrìn-àjò ń rà létíkun, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ rárá, ẹ kàn gbé ike tí àwòrán yín wà lára rẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Tí wọ́n bá béèrè "ønskeliste", orúkọ àwọn nǹkan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rà fún yín ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe àfojúdi. Ẹ ó sì rí ìlẹ̀mọ́ kékeré kan lára ẹ̀bùn wọn, "byttemærke", tó fi hàn pé ẹ lè gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ pààrọ̀. Aṣọ ẹbí, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi gbólóhùn kan là á yé wọn. Tí ẹ bá kọ "dresscode", kóòtù dúdú ni wọ́n á gbé wọ̀, kò sì ní wá sí wọn lọ́kàn láé pé ọwọ́ yín ni wọ́n ti máa ra aṣọ náà.

Ìsọmọlórúkọ gba àlàyé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ "barnedåb" torí pé òun ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibí. Ìrìbọmi nìyẹn, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti pásítọ̀ àti omi. Mùsùlùmí tó bá kọ ọ́ ti pe àwọn èèyàn síbi tí kò lọ. "Navnefest" ló sún mọ́ tiwa. Àmọ́ tí ẹ bá kọ "navnefest", tí ẹ wá kọ ọjọ́ kẹjọ sí i, ẹnu á yà wọ́n. Oṣù mẹ́fà ni òfin ilẹ̀ yìí fún òbí láti fún ọmọ lórúkọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń lo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ á ti gba nọ́ńbà CPR rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni, látìgbà tí wọ́n bí i, á ti wà nínú ìwé ìjọba, síbẹ̀ "lillepigen", ọmọbìnrin kékeré, ni wọ́n á ṣì máa pè é nílé. Aládùúgbò mi kan jókòó sídìí ìsọmọlórúkọ wa kan, ó ń wo bí ìyá àgbà, bàbá àgbà, àǹtí àti ẹ̀gbọ́n ṣe ń ju owó sínú abọ́ tí kálukú ń sọ ọmọ lórúkọ tirẹ̀. Ó tọ́ oyin wò, ó tọ́ iyọ̀ wò, ó jẹ orógbó, kò pariwo. Ìgbà tó kan atare ló béèrè omi. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé èwo nínú gbogbo orúkọ yẹn ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí ìjọba.

Ọjọ́ ìbí, àsíá ni. Tábìlì, àkàrà òyìnbó, iwájú ilé, ibi tí o bá yíjú sí, Dannebrog pupa alágbèélébùú funfun ló wà níbẹ̀, àsíá tí ìtàn wọn sọ pé ó já bọ́ látọ̀run lójú ogun ní Estonia ní ọdún 1219. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè rò pé ọdún òmìnira ni, kó sì jẹ́ pé ọmọ ilé kejì ló pé ọdún méje. Àwọn ọdún kan sì wà tí a kò kà sí rárá nílé. Bí o bá pé ọdún 25 tí o ò tíì ṣègbéyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á dè ọ́ mọ́ òpó níta gbangba, wọ́n á bu omi lù ọ́, wọ́n á wá da "kanel", lúbúlúbú olóòórùn dídùn tí wọ́n ń fi sínú búrẹ́dì, sí ọ láti orí dé ẹsẹ̀. Bó bá di ọdún 30, ata ni. Fún tọkọtaya, ọdún 25 jẹ́ ti fàdákà, 50 jẹ́ ti wúrà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ṣe ọdún méjìlá ààbọ̀, "kobberbryllup", ti bàbà. Ààbọ̀ yẹn dùn mọ́ mi! Àwọn aládùúgbò á ti wá ní ìdájí, wọ́n á fi ẹ̀ka igi ṣe ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yẹ sí iwájú ilé, wọ́n á kọrin jí wọn, onílé á sì jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn láti wá fún gbogbo wọn lóúnjẹ àárọ̀.

"Chairman of the occasion" kì í ṣe "formand". Alága ẹgbẹ́ ni "formand". Toastmaster ni wọ́n ń lò, ẹni yẹn ò sì jókòó síwájú pẹ̀lú fìlà ńlá, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti bá a sọ ọ́ ṣáájú, òun ló mọ ẹni tó kàn. Alága ìdúró wa ló sún mọ́ toastmaster jù, àfi pé toastmaster kì í gba owó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó. Orin sì wà níbẹ̀ o. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí ohùn orin tí gbogbo èèyàn mọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n á pín in, gbogbo tábìlì á sì jọ kọ ọ́. Olórin tiwa á ki ẹni tó ń náwó dé orí baba ńlá rẹ̀. Orin tiwọn á sọ bó ṣe sọ kọ́kọ́rọ́ nù, bó ṣe ń hanrun, bó ṣe kùnà ìdánwò mọ́tò, òun náà á sì máa fi ayọ̀ kọ ọ́ pẹ̀lú wọn. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ lu gíláàsì níbi ìgbéyàwó, tọkọtaya gbọ́dọ̀ gun orí àga kí wọ́n fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Tí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, abẹ́ tábìlì ni wọ́n máa lọ. Ìyá ọkọ kan tó ti Ìjẹ̀bú wá fi ìborùn bo ojú fún apá kan àsè náà. Ó sì ń yọjú.

Ní ti nínáwó sí olóde lórí, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ Dánì tó gbé e, ojú ni wọ́n fi ń rí i. Wàhálà tiwa ni pé owó ìwé tó kéré jù níbí ni 50 kroner. Owó ẹyọ ni 20 kroner, ta ló máa ju ìyẹn lu ìyàwó níwájú orí? Dọ́là kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ń wá pààrọ̀.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àwọn tí ẹ kò pè. Bí ilé alájà púpọ̀ lẹ ń gbé, ẹ lẹ bébà mọ́ ògiri níbi àtẹ̀gùn, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: "Vi holder fest på lørdag", a fẹ́ ṣàríyá ní Sátidé, ẹ kan ilẹ̀kùn bí ariwo bá pọ̀ jù. Bébà yẹn ń dín ìjà kù ju ẹ̀bẹ̀ ọ̀la lọ.

Ìnáwó òkú ló le jù. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ní Aarhus ti dolóògbé nílé, bàbá arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ́n ti sin wọ́n, ọmọ sì fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn níbí náà. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "celebration of life". Tí mo bá kọ "fest" sábẹ́ àwòrán olóògbé, wọ́n á rò pé àṣìkọ ni, tàbí kí wọ́n máa rò pé inú ọmọ dùn torí ogún. "Mindesammenkomst" tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìsìnkú, kọfí, búrẹ́dì, ohùn jẹ́jẹ́ àti aṣọ dúdú ni. Mo pa ìtumọ̀ tì. Mo kọ ọ́ pé bàbá gbó, wọ́n tọ́, wọ́n rí ọmọ-ọmọ. Pé lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ́ kú, òfò ni, àgbà kú, ijó ni. Kí wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀, kí wọ́n má jẹun kúrò nílé. Wọ́n wá. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, bi mí lẹ́yìn ìrẹsì pé ṣé ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n ṣe irú èyí fún òun.

Ìkíni ni Yorùbá àti Dánì ti ń gbọ́ ara wọn láìsí ẹlòmíràn láàárín. "Tillykke" kì í ṣe ti ọlọ́jọ́ ìbí nìkan, wọ́n á kí ìyá rẹ̀, wọ́n á kí ọkọ rẹ̀, "tillykke med din kone", bí a ṣe ń kí gbogbo ẹbí kú oríire. Ní Mọ́ńdè, aládùúgbò tó wá sí ìnáwó yín á sọ pé "tak for sidst". Ẹ má wá a sínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sí níbẹ̀. "Ẹ ṣé o, a dúpẹ́ ọjọ́sí" ni, kódà bí ẹ ò bá rí ara yín fún oṣù méjì, wọ́n á ṣì sọ ọ́. "I lige måde", ẹ̀yin náà, ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ náwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ tètè fi tiyín ránṣẹ́. Ará Dẹ́nmárkì fẹ́ gba ìwé ìpè ní oṣù méjì, mẹ́ta ṣáájú, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bóyá ata oúnjẹ máa pọ̀.