Wọn Ò Tiẹ̀ Sọ fún Mi

Ọjọ́rú, alẹ́. Ilé ti dákẹ́.

Gbólóhùn kan ló ń dún létí mi láti àárọ̀. Bàbá òyìnbó kan ló sọ ọ́, kì í sì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà nínú stéṣọ̀n wa, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Owó ẹyọ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti kà á sílẹ̀, ó ń wo ìlẹ̀kùn onírin tí wọ́n fà wálẹ̀. Ó wá rọra sọ pé, "Wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi."

Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Bébà funfun kan wà lára irin náà tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Reluwé dé, mo wọ̀ ọ́. Ibi iṣẹ́ kò burú. Ọ̀gá yẹn ṣì wà bó ṣe wà. Òjò pa mí nígbà tí mò ń bọ̀. Ọjọ́ mi nìyẹn.

Wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ obìnrin inú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹni tó fún mi ní tíì tí kò gbowó lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí láti ilé. Ọdún 11 la fi rí ara wa láràárọ̀, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ti ń kọjá, "Ẹ kú ọjà o" ló máa ń wá sí mi lẹ́nu, màá sì gbé e mì, torí mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. "Good morning" kì í ṣe ẹ kú ọjà. Ẹni tó bá kí ọlọ́jà ti ṣàdúrà fún un: ajé á wá, ọjà á tà. Ọdún 11 ni mo fi gbé àdúrà yẹn mì. Mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ ló ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo mọ̀. Àmọ́ ṣá…

Ohun tó ń ti irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ pa pọ̀. Owó ilé wà níbẹ̀. Kòrónà náà wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, pèpéle á dá páropáro. Ta ló sì tún ń ra ìwé ìròyìn? Reluwé ló bí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Ní 1848 ni W. H. Smith, ilé iṣẹ́ tó ń ta ìwé àti ìwé ìròyìn, ṣí ibi ìtàwé rẹ̀ sí stéṣọ̀n Euston ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó fẹ́ jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọkọ̀, kí ló fẹ́ máa ṣe bí kò bá kàwé? Ní báyìí fóònù ni gbogbo wa doríkodò sí, èmi náà.

Àwọn ńlá ṣì wà ní stéṣọ̀n o, mi ò ní parọ́. Nígbà tí WHSmith ta àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà nígboro ní 2025, bíi 480, ó di ti stéṣọ̀n, ti pápákọ̀ òfuurufú àti ti ilé ìwòsàn mú. Àwọn tígboro ni wọ́n yí orúkọ wọn padà sí TGJones. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni wọ́n wò? Kò sí Jones kankan nínú ìtàn ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n kàn wá orúkọ kan ni. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹni tó bá ti dé ìlú yìí kí 2009 tó wọlé á rántí Woolworths, ilé ìtajà ńlá tó ń ta onírúurú nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù 807 ló kógbá wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn Kérésì, ọjọ́ 6 oṣù kìíní ni wọ́n ti àwọn tó kẹ́yìn. Èèyàn bíi 27,000 niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ta ọjà tán, wọ́n ń ta pẹpẹ tí wọ́n ń pàtẹ ọjà sí. Mo ra agbọ̀n kan níbẹ̀, ó wà ní bàlùwẹ̀ wa dòní. Inú mi ń dùn lọ́jọ́ náà pé nǹkan pọ̀. Mi ò wo ojú ọmọbìnrin tó gbowó lọ́wọ́ mi.

Àbí kí wọ́n sọ fúnni gan-an ló ṣe pàtàkì? Ní Elephant and Castle, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sọ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọ́n ṣèpàdé, àwọn ọlọ́jà fẹ̀hónú hàn, síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2020 wọ́n ti ilé ìtajà tó ti wà láti 1965. Sísọ yẹn, kí ló ṣe fún wọn?

Rárá, ó yẹ kí wọ́n sọ. Bàbá yẹn ti ka owó sílẹ̀.

Àwọn tó ń sọ pé ìgboro ti kú, kí wọ́n jọ̀wọ́ wá sí Rye Lane, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ Sátidé. Ṣọ́ọ̀bù kan, ọlọ́jà mẹ́rin nínú rẹ̀: ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń dirun, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹni tó ń ta aṣọ. "Àǹtí mi, ẹ wá wo iṣu yìí, kò ní kíkan rárá!" Níbẹ̀ mi ò gbé ìkíni mì. Mò ń kí wọn títí ẹnu fi ń ro mí. Orí mi máa ń wú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ bi àwọn náà léèrè owó ilé.

Màámi náà tajà ní stéṣọ̀n, ní Òṣogbo. Nígbà tí reluwé ò wá mọ́, kò sẹ́ni tó wá sọ fún un. Ó ṣì ń gbé igbá lọ… Mi ò fẹ́ kọ ti Màámi lálẹ́ yìí.

Ọjà tí mo fi fóònù rà dé lónìí, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bátìrì àti àpòòwé. Obìnrin yẹn ń ta méjèèjì.

Ta ni "wọn" tí bàbá yẹn ń sọ?

Ọ̀la mà á tètè jáde díẹ̀. Mo ti wá fúláàsì àtijọ́ yẹn jáde, èyí tó ní ife méjì lórí.