Ẹ má sẹ́ ọmọ yín lórí fọ́ọ̀mù fíìsà

Ọmọkùnrin tó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù nínú káfè kan ní Ìta-Òpó, ní Ẹ̀pẹ́, ti pa "Married" tí mo ní kó kọ rẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe. "Single" ló kọ síbẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, báyìí la ṣe máa ń ṣe é, tí wọ́n bá ti rí ọkọ àti ọmọ wọ́n á ní ẹ ò ní padà wálé mọ́, ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ ná, ẹ̀ẹ́ wá máa fà wọ́n níkọ̀ọ̀kan."

Oṣù kẹfà 2022 nìyẹn. Yunifásítì kan ní Saskatoon, ní Kánádà, ti gbà mí fún máṣítà ọlọ́dún méjì lórí ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn, púrọ̀fẹ́sọ̀ tó gbà mí ló sì máa máa sanwó fún mi lóṣooṣù látinú owó ìwádìí ẹ̀. Íméèlì tí mo kọ kí n tó rí i lé ní 60, àwọn tó dá mi lóhùn ò pé 5. Nítorí náà ọkàn mi ń lù kìkì, fíìsà yẹn nìkan ni mò ń wò, mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ gbà fún un. Mo kàn ní kó má tíì fi ránṣẹ́, kí n lọ bi Bàbá Ìbejì. Bàbá Ìbejì wà níléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kò gbé fóònù, ni mo bá kọjá sọ́dọ̀ màmá mi lọ́jà Olúwo.

Màmá mi ń to ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó ń fi ìrù ẹja kan ti orí ìkejì kó má baà fọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo sọ ọ́ fún un ní wúyẹ́wúyẹ́ torí àwọn oníbàárà wà nítòsí. Ó dáwọ́ dúró. Ó ní "Ìbejì lo fẹ́ sẹ́? Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn lo fẹ́ lọ sọ fún òyìnbó pé o ò bí? Ìyá Ìbejì, ọmọ tí o bá fọwọ́ ara ẹ sẹ́ lórí ìwé, ta ló máa bá ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gbà á?" Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹja ẹ̀, kò tún wò mí mọ́.

Mo padà sí Ìta-Òpó, mo ní kó kọ ọkọ mi síbẹ̀, kó kọ Táyé, kó kọ Kẹ́hìndé, bí orúkọ wọn ṣe wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí wọn gẹ́lẹ́. Inú bí i, ó sì gba owó ẹ̀ pé pérépéré. Fíìsà mi jáde, oṣù kẹjọ ni mo sì wọ bàálù.

Ìgbà tí mo débí ni mo tó mọ ohun tí màmá mi gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀. Ní Kánádà, tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ nínú ìwé tí o fi tọrọ fíìsà, ọdún 5 gbáko ni wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé. Tó bá wá di ìgbà tí o fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, ìyẹn PR, gbogbo ọmọ tí o bí lo gbọ́dọ̀ dárúkọ, yálà wọ́n ń bá ẹ bọ̀ o, yálà wọn ò bá ẹ bọ̀ o, wọ́n á sì lọ fún àyẹ̀wò ara. Èyí tí o bá fi sílẹ̀ láìdárúkọ, òfin ò fẹ́ gbọ́ kí o tún padà wá lọ́la pé ọmọ ẹ ni, kí o fi ìyẹn mú un wọlé. Mo mọ ẹnì kan níbí, ọmọ Ìkòròdú, tó kọ "Single" nígbà tó ń bọ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́yà ló ń sanwó fún báyìí, ọmọbìnrin ẹ̀ ṣì wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀. Ìwé tí o kọ ní 2022 wà níbẹ̀, ẹni tó máa yẹ èyí tí o kọ ní 2026 wò máa fa ti àkọ́kọ́ yọ síwájú ara ẹ̀.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí sọ́kọ́láṣíìpù, ẹnì kan ló ń bọ́. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí lẹ́tà ni wọ́n ro owó ẹ̀, wọn ò ro ti ọkọ, wọn ò ro ti ọmọ. Nígbà tiwa, dọ́là Kánádà 10,000 ni wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn fún ilé àti oúnjẹ ọdún kan, lẹ́tà púrọ̀fẹ́sọ̀ mi ti gbé ìyẹn, ṣùgbọ́n tí ẹbí bá ń bọ̀, 4,000 ni ti ẹni àkọ́kọ́, 3,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, ìyẹn ni pé Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ méjì nìkan jẹ́ 10,000 mìíràn, ká má tíì sọ dọ́là 255 fún ìwé iṣẹ́ tiẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tó máa fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, 100 fún fíìsà ọmọ kọ̀ọ̀kan, 85 fún ìka tó lọ tẹ̀, owó dókítà, owó bàálù. Àwọn ìbejì ò tẹ̀ka ṣá, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14, wọn kì í ní kó tẹ̀ka.

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti fún Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ ní fíìsà. Bàbá Ìbejì ti kó àjọ, ó yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó wá da gbogbo ẹ̀ sí àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ wò ó bí ẹni tó jókòó ti ìwé yẹn ṣe máa rí i: àkáǹtì olùkọ́, owó oṣù nìkan ló ń wọ ibẹ̀ láti January, mílíọ̀nù mílíọ̀nù wá ṣàdédé já bọ́ sínú ẹ̀. Nígbà tó máa tọrọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ta púlọ́ọ̀tì kan tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Ìbọ̀nwọ́n. Ó dun èmi gan-an, ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń tà tó tún ń rí rà. Ṣùgbọ́n ó fi àgírímẹ́ǹtì àti rìsíìtì ẹ̀ sínú ìwé, ó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan ṣàlàyé ibi tí owó ti wá, ọjọ́ tó wọlé, ìdí tó fi wọlé. A ti pààrọ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀ sí dọ́là kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ìyẹn. Wọ́n fún wọn ní fíìsà ní oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí lórí WhatsApp báyìí, 2023 nìyẹn o, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n tiyín. Láti January 1, 2024 owó tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi hàn ní Kánádà ti di 20,635, ó sì tún ti lé lẹ́yìn ìgbà yẹn. Láti January 21, 2025, kì í ṣe ọkọ tàbí ìyàwó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rí ìwé iṣẹ́ mọ́, máṣítà tó bá tó oṣù 16 sókè, PhD, àti àwọn kọ́ọ̀sì iṣẹ́ mélòó kan bíi ti dókítà àti nọ́ọ̀sì ló kù. Nítorí náà máṣítà olóṣù 12 tí wọ́n fún ẹ ní sọ́kọ́láṣíìpù ẹ̀, inú mi dùn fún ẹ, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ọkọ ẹ ò ní rí ìwé iṣẹ́ lórí ẹ̀.

Ti UK, láti January 1, 2024, ẹni tó bá lọ ṣe máṣítà inú kíláàsì lásán ò lè mú ẹbí dání mọ́, àfi ti ìwádìí àti PhD, àti ẹni tí ìjọba bá ń sanwó fún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba Chevening, sọ́kọ́láṣíìpù ìjọba UK, ṣì fi lè mú ìyàwó lọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún ìyàwó yẹn, o sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé o máa padà sílé fún ọdún 2 ó kéré tán. Fulbright ti Amẹ́ríkà náà ní ọdún 2 tiẹ̀. DAAD ti Jámánì ní àwọn èyí tó máa ń fi nǹkan kún owó ẹni tó bá mú ọkọ tàbí ìyàwó àti ọmọ wá, ẹ fara balẹ̀ ka ti kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ ń mú. Mo bẹ yín, èyí tó bá ní kí o padà sílé, tí o bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, padà. Ẹlòmíràn tó fẹ́ padà wálé tún Ẹ̀pẹ́ ṣe lo gba àyè ẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé ìdílé lo fẹ́ kó lọ gbé níbẹ̀, wá èyí tí kò ní àdéhùn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wà.

Oṣù 14 ni mo fi dá wà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń gbé, òtútù lóde máa ń tó -30, àwọn òru kan wà tí mo máa fọ abọ́ kan ṣoṣo tí mo fi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè lọ sùn. Táyé máa ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, Kẹ́hìndé ò jẹ́. Bí fóònù bá ti dún á dà á dojú dé sórí tábìlì, á bá tiẹ̀ lọ. Bàbá ẹ̀ á ní kó wá kí màmá ẹ̀, á ní "Màmá mi kọ́ nìyẹn, inú fóònù nìyẹn ń gbé." Ọmọ ọdún 4 ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n dé ní oṣù kẹwàá, Táyé sáré, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, ó ń wò ó. Kẹ́hìndé dúró sẹ́yìn bàbá ẹ̀, ó di báàgì kékeré kan mọ́ àyà. Mi ò pè é. Mo kàn lóṣòó síbẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ́píọ́ọ̀tù, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rìn wá, ó ṣí báàgì yẹn, ó mú ìdì kan jáde tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé, òórùn ẹja yíyan gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá ẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n ti wò ó, wọ́n ní kó máa gbé e lọ.

Ó nà án sí mi, kò tíì wojú mi. Ó ní "Màmá Olúwo ní èmi ni kí n gbé e fún yín. Wọ́n ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ Táyé."