Ẹlẹ́ja Bí Mi Nínú, Ṣọ́ọ̀ṣì Yamoussoukro Tù Mí Nínú

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ẹlẹ́ja, torí inú rẹ̀ ò tíì tán lára mi.

Ọ̀dọ̀ Ànńtí mi ní Abidjan ni mo lọ. Ẹni tó bá mọ Èjìgbò ní Ọ̀ṣun mọ̀ pé ó ṣòro kí èèyàn rí agboolé tí kò lẹ́nì kan ní Côte d'Ivoire. Láti kékeré mi ni Ànńtí ti ń tajà ní Adjamé, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Abidjan, “Anango” sì làwọn ará ibẹ̀ ń pe àwa Yorùbá. Mo yọ wọ́n lẹ́nu títí wọ́n fi gbà láti bá mi lọ wo bàsílíkà, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá tó wà ní Yamoussoukro, nǹkan bí 230 kìlómítà sí Abidjan. Ọ̀nà dán, bọ́ọ̀sì tutù, ó parí.

Ebi la bá débẹ̀. A yà síbi tí wọ́n ti ń sun ẹja lẹ́bàá ọ̀nà, obìnrin náà ní ẹja pẹ̀lú àtìẹkẹ́, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, jẹ́ 3,000 sẹfà, owó ilẹ̀ wọn. A jókòó, à ń sọ Yorùbá wa, ó ń gbọ́. Nígbà tá a jẹun tán, owó ti di 6,500! Ó ní ẹja lòun dárúkọ owó rẹ̀, pé àtìẹkẹ́ dá dúró, àlùbọ́sà dá dúró, ata náà dá dúró. Ata! Èmi ti fẹ́ dìde, àmọ́ Ànńtí ò pariwo. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Júlà, èdè ọjà ibẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú obìnrin náà yí padà. Ànńtí ní ó ń sọ pé, “Màmá, ẹ ò sọ pé ará ilé ni yín.” 3,500 la san. Ká sọ òótọ́, ẹja náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi: kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ abọ́, ẹ béèrè owó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ìbínú yẹn ni mo gbé dé géètì. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù mi àti káàdì Ànńtí, pé tá a bá ń jáde la máa gbà á. Ẹni tó bá gbàgbé ìwé ìdánimọ̀ sílé, ìta ni yóò ti wò ó. Wọ́n fún wa ní amọ̀nà kan tó ń fi Faransé sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ànńtí ń túmọ̀, wọ́n sì ń fi tiwọn kún un.

Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ní, ló kọ́ ọ sí ìlú tí wọ́n ti bí i, ìlú tó sọ di olú-ìlú ní 1983. Póòpù John Paul Kejì súre sí òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1985, òun náà ló sì wá yà á sí mímọ́ ní oṣù kẹsàn-án 1990. Pierre Fakhoury tó ya àwòrán ilé náà ò fi pa mọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́ ní Róòmù lòun ń wò: òrùlé rìbìtì wà níbẹ̀, òpó tó tò yí iwájú ká wà níbẹ̀. Póòpù ní kí òrùlé náà má ga ju ti Róòmù. Wọ́n gbọ́ràn. Òrùlé rẹlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, wọ́n wá gbé àgbélébùú lé e lórí, ló bá di mítà 158, nígbà tí ti Róòmù jẹ́ 136. Ẹ ò rí ọgbọ́n àgbà!

Mo ti múra láti bẹnu àtẹ́ lu ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká kọ́ ilé tó máa gba èèyàn 18,000 nígbà tí ìwọ̀nba wa ló ń rìn kiri inú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe àṣejù ni? A wá wọlé. Gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé ló gba ipò ògiri, nǹkan bí 7,000 mítà níbùú lóròó. Oòrùn ń gba inú rẹ̀ bọ́ sórí òkúta mábù tó wá láti Ítálì, bá a sì ṣe ń rìn ni ìró funfun Ànńtí ń pa àwọ̀ dà, ó di aró, ó di osùn. Mo gbàgbé ẹja.

Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe àga 7,000 tó wà níbẹ̀. Èmi tí mo dàgbà níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ funfun dì ìrókò nídìí, tí wọn kì í jẹ́ ká gba ìdí rẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, èmi ni mo wá jókòó pẹ̀sẹ̀ lé e nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà! Wọ́n ṣe é kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa tara àga kọ̀ọ̀kan jáde. Wọn ò tàn án fún wa o, ooru mú wa dáadáa. Àwọn òpó gìrìwò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé lífítì ló wà nínú wọn.

Ànńtí nàka sí gíláàsì kan. “Wo Bàbá lókè yẹn.” Houphouët-Boigny fúnra rẹ̀ ni, ó kúnlẹ̀ níwájú Jésù.

Mo ní, “Ànńtí, ṣé ó wá yẹ kó ya ara rẹ̀ síbẹ̀?”

“Ta ni kó yà? Ìwọ?”

Bí ọ̀rọ̀ owó ṣe délẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó fojú bù ú sábà máa ń pè é ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Bàbá ní àpò òun lòún ti mú un, pé àdéhùn òun pẹ̀lú Ọlọ́run ni. Mo ní ilé ìwòsàn ló yẹ kó ṣáájú. Póòpù náà bèèrè fún ilé ìwòsàn, àmọ́ 2015 ni èyí tí wọ́n ṣèlérí tó ṣílẹ̀kùn, nígbà tí Bàbá ti kú láti 1993. Ànńtí ní kí n wo àwọn ọ̀gá tiwa tó kówó jẹ, kí n fi ohun tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ han àwọn. Mi ò rí èsì fọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà.

Wọn ò fẹ́ dìde lórí ìrókò mọ́. Amọ̀nà ń wo aago. Nígbà tá a dé géètì, ó dúró wò wá, Ànńtí fún un ní 1,000 sẹfà, wọ́n sì fi Júlà sọ fún un pé tó bá mú àwọn mìíràn wọlé, kó rọra máa sọ̀rọ̀.